Ìdajì Kan àti Ìdá Mẹ́rin Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìṣirò Ìdá ní Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan kí n tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Nígbà tí a lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní sáà tí ó kọjá, kíláàsì kẹrin ni a fi mí sí, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun ní ẹ̀bá Àgbádárìgì. Iṣẹ́ tí ó kàn mí ni ìṣirò ìdá. Mo ti múra sílẹ̀ dáadáa. Mo ti kọ ètò ẹ̀kọ́ mi, mo ti fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ àkọlé rẹ̀, mo sì ti fi owó ara mi ra búrẹ́dì mẹ́ta. Mo pe ọmọ mẹ́rin síwájú, mo ní kí wọ́n pín búrẹ́dì mẹ́ta náà lọ́gbọọgba, kí wọ́n sì sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Ohun tí mo ń retí ni pé kí wọ́n gé búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, kí olúkúlùkù mú ègé mẹ́ta, kí èmi sì kọ ¾ sí ojú pátákó, kí iṣẹ́ sì parí.

Ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ apẹja, gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Ó la búrẹ́dì méjì sí méjì-méjì, ó fún olúkúlùkù ní ìlàjì kan. Ó gé èyí tí ó kù sí mẹ́rin, ó sì fi ègé kọ̀ọ̀kan kún ti olúkúlùkù. Ó ní, “Tíṣà, ìdajì kan àti ìdá mẹ́rin kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà.” Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì ní kí ó lọ jókòó. Nígbà tí ó tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, mo fi bírò pupa fa àmì àìtọ́ sí i.

Bàbá olùkọ́ tí ó wá wo iṣẹ́ wa jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì ní ọjọ́ náà. Wọn kò sọ ohunkóhun níwájú àwọn ọmọ. Ìgbà tí a jáde sí abẹ́ igi àgbọn ni wọ́n tó bi mí pé, “Èwo gan-an ni ọmọ náà ṣì?” Mo wá èsì títí, n kò rí i. Ìdajì kan àti ìdá mẹ́rin kan, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Ọmọ náà tọ̀nà pátápátá. Àní ọ̀nà tirẹ̀ rọrùn ju tèmi lọ: ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni ó fi ọ̀bẹ kan búrẹ́dì, bí ó bá ṣe é bí mo ti fẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ìbá gé e.

Lẹ́yìn èyí ni mo kà nípa ìwé ìṣirò kan tí ó ti ilẹ̀ Íjíbítì wá, tí ó wà ní ilé ìṣura Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ahmes ni ó dà á kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Láàrin àwọn ìṣirò tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni bí a ó ti pín ìṣù àkàrà fún ọkùnrin mẹ́wàá wà. Àwọn ará Íjíbítì kì í kọ mẹ́ta nínú mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń kọ ọ́. Ìdajì kan àti ìdá mẹ́rin kan ni wọ́n ń kọ. Yàtọ̀ sí méjì nínú mẹ́ta, tí wọ́n ní àmì tirẹ̀ fún, gbogbo ìdá wọn ni ó jẹ́ ẹyọ kan nínú iye kan. Ohun tí mo fi bírò pupa bàjẹ́ nínú ìwé ọmọ apẹja, òun náà ni ọlọ́gbọ́n fi ń pín oúnjẹ ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún ọdún sẹ́yìn. Ojú tì mí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Èrò mi ni pé àmì ìdá ni a ń fi dá àwọn ọmọ lára yá ní ilé ẹ̀kọ́ wa, a kì í fi ìdá fúnra rẹ̀ dá wọn lára yá. A kọ nọ́ńbà kan sókè, a fa ìlà, a kọ òmíràn sísàlẹ̀, a sì ní, “Ẹ ṣe ogún irú rẹ̀.” Ọmọ náà rí nọ́ńbà méjì tí igi kan dábùú láàrin wọn. Kò rí ohun kan ṣoṣo tí ó ní ìwọ̀n. Nítorí náà nígbà tí a bá bi í pé kí ó ro ½ pọ̀ mọ́ ⅓, yóò ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, yóò ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, yóò sì kọ 2/5. Mo rí èyí nínú ìwé púpọ̀ ní kíláàsì mi, ó sì dá mi lójú pé ẹ̀yin náà ti rí i. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ẹni tí ebi ń pa. Mo ti ní ìdajì búrẹ́dì lọ́wọ́. Ẹnì kan tún bù kún un. Báwo ni ohun tí mo ní yóò ṣe wá dín sí ìdajì? Méjì nínú márùn-ún kò sì tó ìdajì. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ìdá jẹ́ ìwọ̀n kan kò ní gba irú èsì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 2012, Robert Siegler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ní Amẹ́ríkà àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rí i pé bí ọmọ ti mọ ìdá àti pínpín sí ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá ni a fi lè mọ bí yóò ti ṣe sí nínú ìṣirò nígbà tí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, kódà nígbà tí a bá ti fi ipò òbí àti ọgbọ́n orí ọmọ náà sí apá kan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún ni ẹnubodè, àwa tí a ń lọ dúró níwájú wọn ni oníbodè.

Báwo ni a ṣe dé ibi tí a wà yìí? Ọ̀nà náà gùn, àwa ará etí òkun yìí ni a sì kọ́kọ́ rìn ín. Ní oṣù Kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1843 ni ilé ẹ̀kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kìíní 1845 ni Gollmer, Townsend àti Ajayi Crowther ti C.M.S. dé, tí ilé ẹ̀kọ́ tiwọn náà sì tẹ̀ lé e. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò ni gbogbo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ayé ìgbà náà dúró lé lẹ́yìn Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ Èkó ti 1887 sì dé, ó so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ àbájáde ìdánwò. Olùkọ́ tí oúnjẹ rẹ̀ rọ̀ mọ́ iye ọmọ tí ó yege, ohun tí a ó bi wọ́n ní ìdánwò ni yóò kọ́ wọn, ohun náà nìkan ṣá. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òfin náà ti kọjá lọ tipẹ́, àṣà tí ó bí kò tíì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà, tí ó dùn mọ́ mi púpọ̀, òun ni èdè. Yorùbá ní orúkọ mẹ́ta ó kéré tán fún ohun kan náà tí Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ kan fún. Ìlàjì ni ohun tí a là sí méjì: ìlàjì àgbọn, ìlàjì ìṣu. Ààbọ̀ ni èyí tí ó tẹ̀ lé odindi nínú òṣùwọ̀n: kóńgò gàrí méjì ààbọ̀, wákàtí kan ààbọ̀. Ìdajì ni apá kan nínú méjì, ohunkóhun tí ó wù kí ó jẹ́, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ tàbí òru. Àwọn àgbà sì ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ọmọ tí ó ti ń gbọ́ irú èyí láti kékeré mọ̀ pé ààbọ̀ kò dá dúró, pé odindi kan wà tí ó ń tọ́ka sí. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ìṣirò ìdá gan-an nìyẹn: ìdá kín ni? ìdajì kín ni? Ìdajì àgbọn kékeré kò tó ìdá mẹ́ta àgbọn ńlá.

Ṣùgbọ́n èdè wa náà ní ihò tirẹ̀ tí ọmọ lè jìn sí. Bí a bá sọ pé “ìdá mẹ́rin,” ọmọ kan lè rò pé ègé mẹ́rin ni a ń wí, nígbà tí ó jẹ́ pé ègé kan nínú mẹ́rin ni. Èmi rò pé ó yẹ kí a máa wí i ní kíkún, “ìdá kan nínú mẹ́rin,” títí yóò fi mọ́ ọmọ lára, kí a tó gé e kúrú. Ní Gẹ̀ẹ́sì ihò náà tilẹ̀ jìn jù báyìí lọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ẹni tí ó gba ipò kẹta nínú eré sísá àti ẹyọ kan nínú mẹ́ta. Ọmọ tí ó ti mọ̀ pé ipò kẹta sàn ju ipò kẹrin lọ lè rí i pé ⅓ ju ¼ lọ, kí inú olùkọ́ sì dùn, láìmọ̀ pé ọ̀nà òdì ni ọmọ gbà dé ilé.

Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, a kéde pé a ti fagi lé e, kí Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀. Inú mi kò dùn sí i. Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Síbẹ̀, kí n má ṣe purọ́ fún ẹnikẹ́ni: ní etí òkun wa yìí Yorùbá pàápàá kì í ṣe èdè abínibí gbogbo ọmọ. Ègùn ni ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ń sọ nílé, ó ń sọ Yorùbá lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé ìṣirò rẹ̀. Ọ̀bẹ àti búrẹ́dì ni ó bá a sọ èdè tí kò ṣòro fún un. Nítorí náà ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ju ọ̀rọ̀ èdè lọ: kí nǹkan náà kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ, kí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí àmì rẹ̀ wá lẹ́yìn.

Ọ̀nà tí a gbà ń kà nílẹ̀ Yorùbá tún ní ìrànlọ́wọ́ kan tí a ti fi sílẹ̀. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì C.M.S. tí ó gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1887, ẹnu sì yà á. Àwa kì í sọ pé ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ mẹ́wàá àti márùn-ún. A ń wo ogún, a sì ń wí pé ó ku márùn-ún. Odindi ni a kọ́kọ́ ń rí, kí a tó rí ohun tí ó kù kí ó pé. Ẹ fi èyí wo ìdá. Èwo ni ó pọ̀ jù, mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí mẹ́rin nínú márùn-ún? Ìwé yóò ní kí ọmọ wá nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kan náà fún àwọn méjèèjì, kí ó sọ wọ́n di 15/20 àti 16/20. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ bí a ti ń kà yóò wí pé: ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni ó ku èkíní kí ó pé, ẹyọ kan nínú márùn-ún ni ó ku èkejì, ègé tí ó ku èkejì kéré jù, nítorí náà èkejì ni ó pọ̀ jù. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí àgbà nílé, ẹ bi wọ́n léèrè nípa owó àtijọ́. Títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, tí náírà dé, ṣílè kan jẹ́ kọ́bọ̀ méjìlá. Méjìlá ṣe é pín sí méjì, sí mẹ́ta, sí mẹ́rin, sí mẹ́fà. Sísì jẹ́ ìdajì ṣílè, tọ́rọ́ jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀, ẹ́ẹ́pìnnì sì jẹ́ ìdajì kọ́bọ̀. Ọmọ tí a rán lọ ra iyọ̀ ń mú ìdá bọ̀ nínú ọwọ́. Ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ni ó wà nínú náírà, kò sì ṣe é pín sí mẹ́ta. Lónìí kọ́bọ̀ tilẹ̀ ti pòórá lọ́jà, náírà ni a ń kà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀nà owó ti dí. Ó ku òṣùwọ̀n: ẹ lọ dúró ti onígàrí ní ọjà Agbálátà, ẹ ó gbọ́ ìdajì kóńgò nígbà tí ọwọ́ bá kúrú. Mo rò pé ọjà yẹn ni ó yẹ kí a ti máa bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ oníṣòwò mìíràn a máa fẹ́ràn láti tẹ kóńgò nísàlẹ̀.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Ní ilé wa, pínpín kò túmọ̀ sí ọgbọọgba. Bí a bá pín ẹran, ti àgbà a máa tóbi. Bí a bá ya obì àbàtà, awẹ́ rẹ̀ kì í dọ́gba. Ọmọ tí ó bá pín àgbọn sí mẹ́ta, tí ó sì fi èyí tí ó tóbi fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ṣe àìgbọ́n; ó hùwà ọmọ tí a kọ́. Bí olùkọ́ kò bá là á yé e pé nínú ìṣirò gbogbo ègé gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ọmọ náà kò ní mọ ìdí tí a fi bá a wí.

Àwọn àgbà kan tilẹ̀ ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni Dawodu ti Èkó kú, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, tí ìyá mẹ́rin bí fún un. Ṣé orí-ò-jorí ni a ó fi pín ogún rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan nínú mẹ́sàn-án, tàbí ìdí-igi, kí ìdí kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan nínú mẹ́rin? Ní 1962 ni ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù fi àṣẹ sí ìdí-igi nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ẹ ronú rẹ̀ wò: bí ìdí kan bá ní ọmọ kan ṣoṣo, odindi ẹyọ kan nínú mẹ́rin jẹ́ tirẹ̀, ìdí tí ó bá ní ọmọ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò mú ẹyọ kan nínú méjìlá. Ìdá nínú ìdá nìyẹn, tí ìwé ìṣirò ń pè ní ìsọdipúpọ̀, tí àwọn ọmọ ń bẹ̀rù. Fún wọn ní ilẹ̀ bàbá kan kí wọ́n pín, ẹ ó rí i bí wọn yóò ti gbọ́n lójijì.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ka ohun tí mo ti kọ dé ibí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdánwò àṣewọlé kò béèrè búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pé ọmọ tí ó lè ṣe ogún ìṣirò ní wákàtí kan ni yóò wọlé. Pé ọmọ tí ó wà ní kíláàsì òun lé ní àádọ́ta, ta ni yóò ra búrẹ́dì fún wọn? Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi kò wí pé kí a pa ìdánrawò tì. Àkósórí ìsọdipúpọ̀ ni ó gbé èmi náà dé ibí, ẹni tí kò bá sì mọ mẹ́fà lọ́nà méje yóò jìyà nígbà tí ó bá ń wá nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kan náà. Ohun tí mo wí ni pé kí a yí i padà: kí ogún di márùn-ún, kí ọmọ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ bóyá èsì rẹ̀ yóò ju ìdajì lọ tàbí yóò ju odindi lọ, kí ó yàwòrán ọ̀kan, kí ó sì sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ bí ó ti ṣe é. Bí èsì bá sì yàtọ̀ sí ti olùkọ́, kí olùkọ́ bi í léèrè kí ó tó fa bírò pupa yọ.

Ní ti búrẹ́dì, kò pọn dandan. Ewé àgbọn kún gbogbo etí òkun wa, a kì í sanwó fún un. Ya ewé kan kúrò lára imọ̀, yọ igi àárín rẹ̀, gé e kí gígùn rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnì kejì rẹ, ká a sí méjì, tún un ká sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, fi èékánná sàmì sí ojú ìká kọ̀ọ̀kan. Ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ ni ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lórí ìlà kan ṣoṣo. Ọmọ rí i pé bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti ń pọ̀ ni ègé ń kéré sí i. Ká a sí mẹ́ta ni iṣẹ́ ńlá. Yóò ṣì í, yóò sún un síwá, yóò sún un sẹ́yìn, yóò sì máa wọn ègé kan mọ́ ìkejì. Mo ti dán èyí wò pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́fà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kí sáà tó parí, ariwo wọn sì pọ̀ débi pé ọ̀gá àgbà yọjú láti wò ó bóyá ìjà ni.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò, mo gba ìwé ọmọbìnrin yẹn, mo pa àmì pupa náà rẹ́ bí mo ti lè pa á rẹ́ mọ, mo sì kọ “Ó tọ́” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó bi mí pé, “Tíṣà, kí ló dé tí ó fi tọ́ nísinsìnyí?” Mo sọ fún un pé èmi ni n kò tíì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ní sáà tí ń bọ̀, kíláàsì karùn-ún ni wọ́n ní n óò lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní okùn àwọ̀n tí ó ti gbó tí kò lò mọ́, kí ó jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀ fún mi ní yàrá ìkàwé. N óò fi í ṣe ìlà gígùn tí ó lè ti ògiri kan dé èkejì.